Ilé Ìkàwé Orí Omi

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ bá wa ká lọ sí etí òkun ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Nọ́wè. Òkè gíga ni ó wà níbẹ̀, òkun sì ya wọ àárín àwọn òkè náà bí odò gígùn. Erékùṣù pọ̀ níbẹ̀, òmíràn kò sì ní ju ìdílé mélòó kan lọ. Ta ni yóò kọ́ ilé ìkàwé fún agboolé mẹ́wàá? Síbẹ̀, ọmọ agboolé mẹ́wàá náà fẹ́ kàwé.

Ohun tí wọ́n ṣe nìyí. Ní ọdún 1959, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi ọkọ̀ ojú omi gbé ìwé lọ bá àwọn ènìyàn náà. Ní ọdún 1963, wọ́n kan ọkọ̀ kan fún iṣẹ́ yìí gan-an, wọ́n sọ ọ́ ní Epos. Ìwé bíi 6,000 ni ó ń gbé. Ìgbà òtútù, nígbà tí ilẹ̀ ń tètè ṣú, ni ó ń rìn.

Bí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀, tàgbà tèwe a wọ inú rẹ̀. Wọn a dá ìwé tí wọ́n yá padà, wọn a sì yá òmíràn lọ́fẹ̀ẹ́. Ó lè di oṣù mélòó kan kí ọkọ̀ tó padà, nítorí náà olúkúlùkù a kó èyí tí yóò tó o títí ìgbà náà. Àwọn eléré pẹ̀lú wà nínú ọkọ̀ tí ń ṣeré fún àwọn ọmọdé. Ọjọ́ ìwé a sì di ọjọ́ eré.

Ní ọdún 2020, owó ìrànlọ́wọ́ ìjọba dópin, iṣẹ́ ọkọ̀ náà sì parí. Ẹnìkan lè wí pé kò burú: afárá ti pọ̀ sí i, ìwé sì ń gba inú íntánẹ́ẹ̀tì wọlé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ orúkọ ìwé tí ó ń wá ni íntánẹ́ẹ̀tì ń ràn lọ́wọ́ jù. Ọmọ tí kò tíì mọ ohun tí ó ń wá, ó yẹ kí ó fojú rí ìwé, kí ó fọwọ́ ṣí i, kí àgbà kan sì wí fún un pé: «Gba èyí wò.»

Ẹ̀yin òbí, ìwé tí a tì mọ́ àpótí, eku ni yóò kà á. Bí ìwé kan ṣoṣo bá wà nílé yín, ẹ jẹ́ kí ó rìn láti ilé dé ilé.