Òdòdó Inú Iyanrìn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a kò bá jìyà fún kì í tọ́jọ́. Bí ó bá wá jẹ́ pé òdòdó ni ohun náà, òdòdó tí a já ní òwúrọ̀ tí ó sì rọ ní ìrọ̀lẹ́, ìyà tí ènìyàn yóò jẹ kí ó tó lè tọ́jọ́ kì í ṣe kékeré.

Kì í ṣe pé ilẹ̀ Yorùbá kò mọ ohun ìrántí ìgbéyàwó tẹ́lẹ̀. Aṣọ òkè tí ìyàwó fi relé ọkọ a máa wà nínú àpótí rẹ̀ títí di ọjọ́ alẹ́. Ẹkún tí ọmọbìnrin Ọ̀yọ́ sun ní ọjọ́ ìgbéyàwó kì í kúrò létí ìyá tí ó bí i. Ṣùgbọ́n ìdì òdòdó tí ìyàwó ń mú lọ́wọ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀sìn ìgbàgbọ́ ni ó bá dé. Àwọn ajíhìnrere CMS tẹ̀dó sí Abẹ́òkúta ní ọdún 1846. Díẹ̀díẹ̀ ni ìgbéyàwó olórùka ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀, òdòdó sì bá a wọlé. Ohun tí wọ́n ń fi òdòdó náà ṣe lẹ́yìn ìsìn kò dọ́gba. Àwọn kan a jù ú sẹ́yìn fún àwọn wúńdíá, kí ẹni tí ó bá hán an lè tètè rí ọkọ fẹ́. Ní Lọ́ńdọ̀nù, Elizabeth Bowes-Lyon gbé tirẹ̀ lé ibojì jagunjagun tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ rẹ̀ ní Westminster Abbey, ní ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ ní ọdún 1923. Àwọn ìyàwó ìdílé ọba tí ó tẹ̀ lé e a sì máa fi tiwọn ránṣẹ́ síbẹ̀. Ọ̀nà kẹta ni pé kí ìyàwó tọ́jú tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀nà yìí ni obìnrin olùkọ́ kan ní Abẹ́òkúta yàn, díẹ̀ ló sì kù kí ó kábàámọ̀ rẹ̀.

Ó lé ní ogójì ọdún báyìí tí ó ti ṣe ìgbéyàwó, nínú oṣù Keje, nígbà tí òjò kò fẹ́ dá. Òdòdó oníke ni ọ̀pọ̀ ìyàwó ń mú dání nígbà náà, nítorí pé kì í rọ, a sì lè yá a lọ́wọ́ ẹni tí ó ti lò ó. Bàbá rẹ̀, tí í ṣe gbẹ́nàgbẹ́nà, kọ̀ jálẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó jí ní ìdájí ọjọ́ náà tí ó já òdòdó pupa ẹlẹ́gùn-ún, bougainvillea, tí ó bo ògiri ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ó tọrọ róòsì funfun díẹ̀ kún un lọ́gbà ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì fi òwú aláró tí ìyá tirẹ̀ fi sílẹ̀ dì wọ́n pọ̀. Aláró ni ìyá náà nígbà ayé rẹ̀, ní Ìtòkú.

Nígbà tí wọ́n ní kí ìyàwó ju òdòdó, ó gbá a mọ́ àyà. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pè é ní ahun. Ìyá ọkọ rẹ̀ tí ó jókòó níwájú mi orí, kò sọ̀rọ̀.

Ilé ìyá ọkọ yìí ni tọkọtaya náà ń gbé. Gàrí àti láfún ni ìyá náà ń ṣe tà. Ọmọ ẹlòmíràn ni ó ti ní lọ́kàn fún ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò bá ìyàwó jà. Ohun tí ó kàn ń ṣe ni pé kò jẹ́ pè é ní ìyàwó. ‘Tíṣà’ ni ó ń pè é.

Olùkọ́ so òdòdó rẹ̀ kọ́ ní igun yàrá, ó dorí rẹ̀ kodò kí ó lè gbẹ. Nígbà ọyẹ́, ìyẹn ì bá tó. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ oṣù Keje tutù. Ní ọjọ́ kẹrin, ohun funfun bí òwú ti ń yọ ní ìdí àwọn ewé, òdòdó ti ń bu. Ìyá ọkọ rẹ̀ wọlé, ó wò ó.

‘Tíṣà, pàǹtírí wo lo so kọ́ yìí?’

Olùkọ́ kúnlẹ̀. Ó ní, ‘Ìyá, ẹ má bínú. Bàbá mi ló fọwọ́ ara wọn dì í. Òwú ìyá tiwọn ni wọ́n fi dì í.’

Ìyá àgbà na ọwọ́, ó fọwọ́ ra òwú náà títí. Ó ní, ‘Aró Ìtòkú nìyí.’ Lẹ́yìn náà ó ní, ‘Ohun tí o fẹ́ kó pẹ́, o wá so ó kọ́ sínú ọ̀rinrin. Ṣé bí wọ́n ṣe ń sá láfún nìyẹn?’

Ní ọjọ́ kejì ni ó bu iyanrìn odò Ògùn wálé. Ó fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ fi mọ́ gaara. Nígbà tí ó gbẹ díẹ̀, ó fi asẹ́ sẹ́ ẹ, ó dà á sínú agbada tí ó fi ń yan gàrí, ó sì yan án títí kò fi sí ọ̀rinrin nínú rẹ̀ mọ́. Olùkọ́ fẹ́ dà á lé òdòdó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìyá gbá a lọ́wọ́ mú. Iyanrìn gbígbóná yóò se òdòdó ni. Àfi kí ó tutù pátápátá. Wọ́n tú ìdì náà, wọ́n ṣa èyí tí ó ti bu dànù, wọ́n sì to ìyókù sínú páálí, ojú wọn sókè. Ṣíbí ni wọ́n fi ń rọra da iyanrìn yí wọn ká, láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín, kí ìwúwo rẹ̀ má baà tẹ̀ wọ́n pẹ̀rẹ̀sẹ̀. Ọwọ́ ìyá ń gbọ̀n, kò lè dà á sáàárín róòsì; olùkọ́ kò sì mọ bí iyanrìn ṣe ń gbẹ tó. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Wọ́n gbé páálí náà sórí pẹpẹ òkè ààrò láìdé e, níbi tí ooru iná díẹ̀díẹ̀ ń dé.

Ọgbọ́n èlùbọ́, órúnlá àti ata gbígbẹ náà ni. Omi ara nǹkan ni ó ń mú un bàjẹ́. Bí omi bá ti lọ, ìbàjẹ́ kò ríbi dúró. Ohun tí iyanrìn fi ju oòrùn lọ ni pé bí ó ti ń fa omi ni ó ń di òdòdó mú, kí ó má baà súnkì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi dúró. Ní ìrọ̀lẹ́, nídìí ààrò yẹn, ìyá a máa sọ nípa ìgbéyàwó tirẹ̀: bí wọ́n ṣe wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ọkọ, àti bí kò ṣe sí ohunkóhun láti ọjọ́ náà tí ó kù sí i lọ́wọ́, nítorí iná jó àpótí aṣọ rẹ̀. Olùkọ́ kò gbọ́ èyí rí. Ọkọ rẹ̀ pàápàá kò gbọ́ ọ rí.

Nígbà tí wọ́n da iyanrìn náà kúrò, bougainvillea ṣì pupa, nítorí pé ewé tí ó rí bí bébà ni ohun pupa ara rẹ̀, omi rẹ̀ kò pọ̀. Róòsì kò rí bẹ́ẹ̀. Méjì fọ́, ìyókù di àwọ̀ láfún tí ó ti pẹ́ nílẹ̀, òórùn dídùn wọn sì ti lọ. Omi lé ròrò sójú olùkọ́.

Ìyá ní, ‘Ìyàwó mi, ṣé o ti rí órúnlá tí ó tutù yọ̀yọ̀ rí? Kò sí ohun tó ń pẹ́ tí kì í fi nǹkan sílẹ̀.’

Ọjọ́ náà ni ó kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀. Kò sì pè é ní Tíṣà mọ́.

Bàbá olùkọ́ kan àpótí pẹlẹbẹ onídígí fún òdòdó náà, ó lẹ etí rẹ̀ pa kí kòkòrò àti ọ̀rinrin má wọ̀ ọ́. Wọ́n gbé e kọ́ sí ibi tí oòrùn kì í dé, nítorí oòrùn a máa ṣá àwọ̀. Bàbá náà ti kú. Ìyá ọkọ náà ti kú. Nígbà tí àwọn ọmọ ìyá ń pín ẹrù rẹ̀, ìyàwó kò ní ìpín níbẹ̀, kò sì bèèrè aṣọ tàbí ìlẹ̀kẹ̀. Agbada dúdú kan nìkan ni ó tọrọ, wọ́n sì fún un.

Bí àlejò bá bèèrè ohun tí ó wà nínú dígí lára ògiri, kì í sọ pé òdòdó ìgbéyàwó òun ni. Ó máa ń dáhùn pé, ‘Iṣẹ́ ọwọ́ ìyá ọkọ mi ni.’