Ẹ̀jẹ̀ Ni Mo Ń Wá

Èmi ni mo dá ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ ti mì padà sórí pápá. Èmi ni kóòṣì, ọwọ́ mi ni àṣẹ wà.

Òun àti ọmọ ẹgbẹ́ kejì jọ fò sí bọ́ọ̀lù, orí sì kọlu orí. Ó ṣubú, ó dìde. Mo tú irun orí rẹ̀ wò, mi ò rí ẹ̀jẹ̀. Mo da omi tútù sí i lórí. Bí mo ti ń nu ojú rẹ̀ ló bi mí pé, "Kóòṣì, ẹ jọ̀ọ́, góòlù mélòó la ti jẹ?" Mo ní ẹyọ kan. Òun gan-an ló sì jẹ ẹ́. Kí n tó gbẹ́sẹ̀, ó tún bi mí ní ìbéèrè kan náà. Mo rò pé ìtara ayò ni. Mo ní, "Ọkùnrin ni ẹ́, wọlé."

Kò pẹ́ tí ìgbọ̀nwọ́ ẹlòmíì tún fi bà á lórí. Lálẹ́, ó ń bì léraléra, kò lè wo iná. Wọ́n yàwòrán orí rẹ̀ lọ́sibítù: egungun kò fọ́, ẹ̀jẹ̀ kò dà sínú agbárí. Síbẹ̀, bó bá ti ṣí ìwé, òòyì á kọ́ ọ. Kò lè ṣe WAEC lọ́dún náà. Mo bẹ ìyá rẹ̀, ó dárí jì mí, àmọ́ àwọn ẹgbẹ́ ọmọ rẹ̀ ti lọ.

Ọpọlọ lè mì nínú agbárí kí awọ orí má bó, kí ènìyàn má sì dákú. Àwòrán kì í sábà fi hàn. Ìbéèrè àbítúnbí, ojú tó ń ṣú, ẹsẹ̀ tó ń ta gẹ́ẹ́gẹ̀ẹ́, èébì, ìkanra òjijì: àwọn ni ẹlẹ́rìí, òmíràn kì í sì í yọjú títí di ọjọ́ kejì. Nínú àṣekágbá Ife Àgbáyé 2014, lẹ́yìn tí wọ́n kọlu Christoph Kramer ti Jámánì lórí, ó bi rẹfirí bóyá àṣekágbá ni wọ́n ń gbá. Ìbéèrè irú èyí ni ọmọ mi bi mí, tí mo fi lé e wọlé.

Ẹ̀yin kóòṣì, ẹ̀yin òbí, ẹ yọ ẹni tí nǹkan bá kọlu lórí, kó má padà wọlé lọ́jọ́ náà, bó ti wù kó bẹ̀bẹ̀ tó. Bó bá ń bì léraléra, bí gìrì bá gbé e, bí ahọ́n rẹ̀ bá wúwo, bí orí fífọ́ náà bá ń le sí i, tàbí tí ẹ jí i tí kò jí, ẹ má ṣe dúró wo àgbo. Ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbé e lọ.