Ẹ̀kọ́ Àfọwọ́ṣe Nínú Iṣẹ́ Ẹnjiníà

Àwọn àgbà a máa wí pé ìròyìn kò tó àfojúbà. Bí a bá wò ó dáadáa, àfojúbà pàápàá kò tó àfọwọ́ṣe. Ọmọ tí ó ń kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ lè jókòó ti ọ̀gá rẹ̀ fún odindi ọdún kan, kí ó máa wo bí irin ti ń pọ́n nínú iná. Ọjọ́ tí òun fúnra rẹ̀ bá gbé owú ni yóò tó mọ ìgbà tí irin gbóná tó àti ìgbà tí ó ti tutù jù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn tí ń fi amọ̀ mọlé láyé àtijọ́. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ amọ̀, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń mọ̀ bí omi rẹ̀ bá ti tó. Bí wọ́n bá mọ ipele kan, wọn a fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e, nítorí wọ́n mọ̀ pé amọ̀ tútù kò lè ru ẹrù. Kì í ṣe ìwé ni ó kọ́ wọn. Iṣẹ́ náà ni ó kọ́ wọn.

Ẹnjiníà òde òní tí ń ṣètò ilé gíga, afárá àti òpópó ọ̀nà ní ohun tí àwọn amọlé ìgbàanì kò ní: ó ní ìwé, ó ní ìṣirò, ó sì ní kọ̀ǹpútà. Síbẹ̀ kò bọ́ lọ́wọ́ òfin àtijọ́ yìí. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ń kọ́ni ní iṣẹ́ yìí ní yàrá àyẹ̀wò, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti ká apá aṣọ sókè, kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn po kọnkéré, kí wọ́n sì fa ọ̀pá irin títí yóò fi já.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Bí aránṣọ bá gé aṣọ kù, aṣọ ni yóò ṣòfò. Bí ẹnjiníà bá ṣìnà, ènìyàn ni yóò kú. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 1879, ìjì líle bì lu afárá odò Tay ní Dundee ní ilẹ̀ Scotland. Afárá náà wó nígbà tí ọkọ̀ ojú irin wà lórí rẹ̀, kò sì sí ẹnì kan nínú ọkọ̀ náà tí ó yè. Kò tíì pé ọdún méjì tí a ṣí i. Nítòsí ilé, ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 tí a ṣì ń kọ́ lọ́wọ́ wó lulẹ̀ ní Ìkòyí ní Èkó. Ó lé ní 40 ènìyàn tí ó bá a lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ òṣìṣẹ́ tí ó jáde nílé láti wá oúnjẹ òòjọ́.

Nígbà tí a ń wádìí ohun tí ó wó afárá Tay, a kó díẹ̀ nínú irin rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ David Kirkaldy ní London. Ọkùnrin yìí ti ṣètò ẹ̀rọ ńlá kan tí ó lè fa irin títí yóò fi já. Lọ́dún 1874, ó gbé ẹ̀rọ náà sí ilé kan ní òpópó Southwark, ó sì kọ ọ́ sí òkè ẹnu ọ̀nà pé òtítọ́ ni a ń fẹ́ níbẹ̀, kì í ṣe èrò ọkàn ẹnikẹ́ni. Àyẹ̀wò rẹ̀ fi hàn pé àwọn etí irin tí a fi so òpó afárá náà pọ̀ kò lágbára tó bí a ti rò. Ó ṣe ni láàánú pé àyẹ̀wò náà dé lẹ́yìn ikú. Ọdún 1878, tí a ṣí afárá náà gan-an, ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Alexander Kennedy dá yàrá àyẹ̀wò sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní University College ní London, kí ọ̀dọ́ lè kọ́kọ́ mọ bí nǹkan ti ń fọ́ kí ó tó lọ máa kọ́ nǹkan.

Kí ni wọ́n ń ṣe nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò wọn sìmẹ́ńtì, iyanrìn, òkúta wẹ́wẹ́ àti omi, wọn yóò sì pò wọ́n pọ̀. Lẹ́yìn náà, wọn yóò da kọnkéré tútù náà sínú agolo irin kan tí ó rí bí àrọ tí a dojú rẹ̀ dé, tí gíga rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 300. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọn yóò dà á, wọn yóò sì fi ọ̀pá irin gún un ní ìgbà 25 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá rọra fa agolo náà sókè, kọnkéré yóò wálẹ̀ díẹ̀, wọn yóò sì wọn bí ó ti wálẹ̀ tó. Bí ó bá ṣàn kálẹ̀ bí ẹ̀kọ mímu, omi ti pọ̀ jù.

Wọn yóò tún rọ ọ́ sínú àpótí irin, kí ó lè di búlọ́ọ̀kù kékeré tí ìbú, òòró àti gíga rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 150. Ní ọjọ́ kejì wọn yóò tú u jáde, wọn yóò sì rì í sínú omi. Ẹnu a máa ya ọ̀pọ̀ níbí, nítorí wọ́n rò pé bí amọ̀ ti ń gbẹ ni kọnkéré ń gbẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kọnkéré kì í gbẹ kí ó tó le. Omi ni sìmẹ́ńtì fi ń le.

Ní ọjọ́ 28, wọn yóò gbé búlọ́ọ̀kù náà sáàárín ẹ̀rọ tí yóò tẹ̀ ẹ́. Gbogbo yàrá a pa rọ́rọ́. Ojú búlọ́ọ̀kù náà jẹ́ 150 lọ́nà 150, ìyẹn 22,500. Bí ó bá fọ́ lábẹ́ 450,000 Newton, èyí tí í ṣe nǹkan bí ẹrù tọ́ọ̀nù 46, agbára rẹ̀ jẹ́ 20. Bí ó bá fọ́ dáadáa, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò bó, èyí tí ó kù yóò sì sún nínú bí gángan. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni ó rún, akẹ́kọ̀ọ́ yóò mọ̀ pé bóyá kò gún un dáadáa, tàbí kò gbé e tọ́ sínú ẹ̀rọ.

Ẹ̀kọ́ tí ó tóbi jù ni ti omi. Kí a po kọnkéré méjì: kí a fi lítà 25 sí àpò sìmẹ́ńtì kan nínú èkínní, kí a sì fi lítà 35 sí àpò kan nínú èkejì. Èkejì yóò rọrùn láti rò, ṣùgbọ́n òun ni yóò kọ́kọ́ fọ́. Omi tí sìmẹ́ńtì kò lò yóò gbẹ lọ, yóò sì fi ihò wẹ́wẹ́ sílẹ̀. Duff Abrams ti fi èyí hàn ní Chicago lọ́dún 1918. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti fi ojú ara rẹ̀ rí i kò ní gbà kí lébìrà da korobá omi kan kún un nítorí pé oòrùn mú, ọwọ́ sì ń dùn ún.

Àwọn kan lè wí pé kọ̀ǹpútà ti gba iṣẹ́ náà ṣe. Òótọ́ ni pé kọ̀ǹpútà yára, ṣùgbọ́n ohun tí a bá sọ fún un ni ó ń gbàgbọ́. Bí a bá sọ fún un pé agbára òpó kan jẹ́ 20 nígbà tí ó jẹ́ 10, yóò ṣe ìṣirò rẹ̀ láìṣì, ilé náà yóò sì wó.

Bí ó ti wù kí ó rí, ẹ̀rọ wọ́n, akẹ́kọ̀ọ́ sì pọ̀. Níbi tí ọ̀pọ̀ bá ti yí ẹ̀rọ kan ṣoṣo ká, èjìká ẹlòmíràn ni àwọn tí ó wà lẹ́yìn ń rí. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè da iye tí ẹnì kejì rí kọ, tàbí kí ó hùmọ̀ èyí tí ó bá ìwé mu. Ó lè gba máàkì, ṣùgbọ́n ìwà tí ó kọ́ lọ́jọ́ náà ni yóò bá a dé ibi iṣẹ́, níbi tí ènìyàn yóò máa sùn lábẹ́ òrùlé tí ó fọwọ́ sí. Ó sàn kí a pín wọn sí ẹgbẹ́ kéékèèké, kí olúkúlùkù lè fọwọ́ kan iṣẹ́ náà. Bí búlọ́ọ̀kù bá fọ́ ní 12 níbi tí a ti ń retí 20, kí ó kọ 12 sílẹ̀, kí ó sì wá ìdí rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni 12 tí ó jẹ́ òtítọ́ sàn ju 20 tí ó jẹ́ irọ́ lọ.

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Iye tí a hùmọ̀ kò yàtọ̀ sí itọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ilé tí ọmọ ọmọ yóò gbé, kí ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ́ búlọ́ọ̀kù nínú yàrá àyẹ̀wò, níbi tí ohun tí ó fọ́ kò ti ní pa ẹnikẹ́ni.