Ẹ Ṣí I Wò Kí Ẹ Tó Ní Ó Ti Kú

Ní Kánò níbí, kí wọ́n tó yẹ ẹ̀rọ wò tán ni wọ́n á ti ní ká lọ ra òmíràn. Nínú ọyẹ́ tó kọjá, géèmù bọ́ọ̀lù tó ń sáré geere lórí kọ̀ǹpútà mi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bí ìgbín. Àwòrán 60 tó ń gbé jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan já sí 25. Oníṣẹ́ kan wò ó fìrí, ó ní káàdì àwòrán rẹ̀, GTX 1060, ti kú. Owó tuntun sì ju owó oṣù mi lọ.

N kò sanwó. Mo fi ètò tó ń wọn ooru wò ó: 83°C. Bí káàdì yìí bá ti gbóná tó báyìí, fúnra rẹ̀ ló máa ń dín eré kù kó má baà jóná. Mo pa iná, mo ṣí i. Eruku ọyẹ́ ti dí ọ̀nà atẹ́gùn pa. Mo di fáànù mú, mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn eruku náà kúrò. Ó padà sí 60.

Ẹ máa bi oníṣẹ́ pé, "Kí lo rí nínú rẹ̀?" Ẹni tí kò wọn ooru, tí kò ṣí ẹ̀rọ, kò tíì mọ àrùn tó ń ṣe é. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.