Òwúrọ̀ Òjìji ní Punxsutawney

Aago mẹ́fà ìdájí ti lù, ilẹ̀ kò tíì mọ́. Àwọn bọ́ọ̀sì ń já èrò sílẹ̀ ní Gobbler's Knob, pápá kan tí igbó yí ká lẹ́yìn ìlú Punxsutawney, ní Pennsylvania. Ọjọ́ kejì oṣù Fẹ́búárì ni. Láti aago mẹ́ta òru ni ẹnu ọ̀nà ti ṣí, àwọn tó tètè dé sì ti tẹ yìnyín mọ́lẹ̀ títí ó fi le bí àpáta. Èémí ń rú lẹ́nu gbogbo wa bí èéfín ààrò. Ìyá àgbà kan tó dúró tì mí wọ ìbọ̀wọ́ méjì léra. Nígbà tí wọ́n rí i pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n, wọ́n bọ́ èyí tó wà lókè, wọ́n fi wọ̀ mí lọ́wọ́. A ò mọra rí.

Ẹran kan ni gbogbo wa ń dúró dè: groundhog tí wọ́n ń pè ní Phil. Tó bá jáde tó rí òjìji ara rẹ̀, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí òtútù tó lọ. Tí kò bá rí i, ìgbà ìrúwé ti dé tán. Láti 1887 ni wọ́n ti ń wá sí Gobbler's Knob fún un. Àwọn ará Jámánì tó ṣí wá sí Pennsylvania ló gbé àṣà náà dé, ó sì ti inú ọjọ́ tí àwọn ìjọ Àgùdà ń bùkún àbẹ́là jáde wá. Ẹran mìíràn ni wọ́n ń wò ní Jámánì. Ìgbà tí wọ́n débí ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún groundhog.

Tí ẹnikẹ́ni nílé bá bi mí irú ẹran tó jẹ́, òkété ni mo máa ń fi ṣe àkàwé, òkété tó sanra, tí irun bo ìrù rẹ̀. Òkété kì í jáde lọ́sàn-án, kò lè rí òjìji. Ihò ni wọ́n fi jọra. Nígbà ọyẹ́, nígbà tí mi ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ, bàbá mi máa ń mú mi lọ sóko. A ó dí gbogbo ẹnu ihò tó kù, a ó fẹ́ èéfín sínú ọ̀kan, wọ́n á wá nà gbalaja, wọ́n á ti ọwọ́ bọ ihò títí dé èjìká. Èmi á di ẹsẹ̀ wọn mú pinpin, nítorí mo rò pé ilẹ̀ lè gbé wọn mì.

Ní Gobbler's Knob, iná aláràbarà tàn lójú ọ̀run, orin sọ, àwọn ọmọdé ń jó kí ẹsẹ̀ wọn má baà kú. Nígbà tí aago méje kọjá, àwọn ìgbìmọ̀ tó ń tọ́jú Phil wọlé pẹ̀lú fìlà dúdú gíga. Olórí wọn mú ọ̀pá kan dání, ọ̀pá tí wọ́n ní ó ń jẹ́ kó gbọ́ èdè ẹran náà. Ìróké Ifá ló sọ sí mi lọ́kàn. Wọ́n kan ilẹ̀kùn kùkùté, wọ́n ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, wọ́n gbé Phil jáde, èmi sì rí i pé mo ti ń wá ẹsẹ̀ ẹnìkan tí mo máa dì mú.

Ìwé kíká méjì ni wọ́n tẹ́ kalẹ̀, ọ̀kan fún òtútù, ọ̀kan fún ìrúwé. Olórí bẹ̀rẹ̀, ó tẹ́tí sí ẹran náà, ó sì nawọ́ sí ọ̀kan. Ibẹ̀ ni mo ti gbàgbé òtútù. Ìbò dídì ni mo ń wò yìí! Nílé, ẹni tó wá dáfá á di owó ẹyọ mú lọ́wọ́ kan, egungun lọ́wọ́ kejì, Ifá ló ń yan ọwọ́ tí a ó ṣí. Ọjọ́ kan náà yìí sì ni èrò ń gbé òdòdó àti lọ́fíńdà lọ fún Yemọja létí òkun Rio Vermelho, ní Salvador, ní Brazil, níbi tí oòrùn ti ń mú ganrínganrín.

Òjìji ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí i. Èrò kẹ́dùn, wọ́n sì pàtẹ́wọ́. Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ti ṣírò rẹ̀ pé àṣìsọ Phil pọ̀ ju àsọbá lọ, àmọ́ kò sẹ́nì kan tó bínú lọ sílé. Ìyá àgbà kò gba ìbọ̀wọ́ wọn padà.

Mo pe bàbá mi. Ọ̀sán ti pọ́n lọ́dọ̀ wọn. Wọn kì í lọ sóko mọ́. Bí mo bá fowó ránṣẹ́, òwe kan náà ni wọ́n máa ń pa: bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Mo ròyìn ẹran náà fún wọn. Mo ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù. Wọ́n fi ìka kà á lójú fóònù, wọ́n ní àárín oṣù Máàṣì nìyẹn, ìgbà tí àwọn náà ń retí òjò àkọ́rọ̀.

"Àlàní, wọ́n ti dá a padà sínú ihò rẹ̀?"

"Wọ́n ti dá a padà, Bàbá."

"Ó dáa. Ìrókò ojú ọ̀nà oko ti ń rúwé níbí."