Kábéèjì Etí Odò Ọya: Ní Niamey, Irúgbìn Tó Bá Ṣi Àkókò, Ewé Lásán Ló Ń Dà

Ẹni tó bá gbéra láti ilẹ̀ Yorùbá lọ sí Niamey, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀r, láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kìn-ín-ní, ohun méjì ni yóò kọ́kọ́ yà á lẹ́nu. Àkọ́kọ́ ni òtútù. Ìlú tí gbogbo ayé ti sọ fún un pé oòrùn ibẹ̀ ń yan èèyàn bí àgbàdo, ọyẹ́ ló fi pàdé rẹ̀ ní ìdájí, àwọn ọlọ́kadà sì ti fi aṣọ wé orí mọ́ etí. Èkejì ni odò tó la ìlú náà já. Òjò ti dá láti nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, koríko ti gbẹ, eruku ti bo ojú ọ̀run, síbẹ̀ odò náà kún bámúbámú bí ẹni pé àná ni òjò rọ̀.

Odò ọ̀hún kì í ṣe àjèjì sí ọmọ Yorùbá. Odò Ọya ni, òun kan náà tó ń ṣàn kọjá ní Jẹ́bà kó tó forí lé Lọ́kọ́ja. Àwọn Zarma, tí wọ́n pọ̀ jù ní agbègbè náà, ń pè é ní Isa Beri, ìyẹn Odò Ńlá. Apá ìlà-oòrùn odò ni ọjà ńlá àti ọ́fíìsì ìjọba wà. Apá kejì ni wọ́n ń pè ní Harobanda, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹ̀yìn omi. Afárá Kennedy, tí wọ́n ṣí ní 1970, ló kọ́kọ́ so apá méjèèjì pọ̀. Láti Goudel dé Gamkallé, títí lọ dé Saga, àwọn ọgbà tẹ́ sílẹ̀ létí omi bí ẹní. Létùúsì wà níbẹ̀, àlùbọ́sà wà níbẹ̀, kárọ́ọ̀tì wà níbẹ̀. Èyí tó sì tóbi jù lójú nínú gbogbo wọn ni kábéèjì.

Kábéèjì ní Niamey kẹ̀? Létí ọmọ Yorùbá, bí wọ́n bá ti dárúkọ kábéèjì, Jọ́ọ̀sì ló ń wá sọ́kàn. Láti ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń kó o wá sí Mile 12 l'Ékòó àti Bódìjà n'Íbàdàn. Èyí kò sì jọni lójú, nítorí orí òkè ni Jọ́ọ̀sì wà, ó fi nǹkan bí 1,200 mítà ga ju ojú òkun lọ, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì tutù. Niamey kò ní irú òkè bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí 200 mítà péré ló fi ga ju ojú òkun lọ, ẹ̀gbẹ́ aṣálẹ̀ ló sì fẹ̀yìn tì. Bí kábéèjì bá wá ń ṣu níbẹ̀, tó ń dúró ròbòtò lórí ebè, a jẹ́ pé ọgbọ́n kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ọgbọ́n ọ̀hún kò pamọ́. Kábéèjì kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ olóoru. Etí òkun ilẹ̀ Yúróòpù ni àwọn baba ńlá rẹ̀ ti ń hù, ìwọ̀n ooru 15 sí 20 ti Celsius ló sì bá a lára mu jù. Bí ooru bá ti ń lé ní 25 lójoojúmọ́, ọ̀pọ̀ nínú àwọn oríṣi àtijọ́ kì í ṣu dáadáa mọ́. Ewé ni wọn yóò máa ta, tí àárín wọn yóò ṣófo, ẹni tó gbìn wọ́n yóò sì máa bomi rin ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní rà. Ní oṣù kẹrin, ooru ọ̀sán Niamey ń kọjá 40. Ìgbà ọyẹ́ nìkan, láti nǹkan bí oṣù kọkànlá sí oṣù kejì, ni òru ibẹ̀ ń tutù dé nǹkan bí 16 tàbí 17, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀sán ṣì lè gbóná dé 32. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìgbà ara là á búra, ẹnìkan kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Kábéèjì náà ní ìgbà tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ odò náà tún kún un. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Odò Ọya ń kún ní Niamey lọ́dún. Òjò agbègbè náà ló ń mú èkíní wá ní oṣù kẹjọ sí ìkẹsàn-án, omi rẹ̀ sì pupa nítorí erùpẹ̀ tó ń wọ́ bọ̀. Èyí ló ya wọ ilé àti ọgbà lọ́dún 2020. Èkejì ni wọ́n ń pè ní omi dúdú. Orí òkè Gíní ni òjò rẹ̀ ti rọ̀, ṣùgbọ́n ó gba ilẹ̀ Málì kọjá, níbi tí odò ti tẹ́ rẹrẹ sínú ẹrẹ̀ àti koríko, tí ìrìn rẹ̀ wá di ti ìgbín. Ó di nǹkan bí oṣù kejìlá sí oṣù kìn-ín-ní kó tó kún ní Niamey, kó tó tún tẹ̀ síwájú lọ sí Kéńjì ní Nàìjíríà. Láti nǹkan bí oṣù kẹta ni omi náà yóò máa fà. Tó bá fi di oṣù karùn-ún, ìrìn láti ọgbà dé etí omi ti di iṣẹ́ lọ́tọ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1985, odò ńlá yìí gbẹ débi pé kò ṣàn mọ́ ní Niamey.

Ọyẹ́ àti omi jọ ń dé ni, wọ́n sì jọ ń lọ. Àárín dídé àti lílọ wọn ni kábéèjì gbọ́dọ̀ ti ṣu, kó sì ti wọ ọjà. Nítorí náà, ohun tí àgbẹ̀ Niamey gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè nígbà tó bá dúró níwájú ẹni tó ń ta irúgbìn kì í ṣe bí kábéèjì náà yóò ṣe tóbi tó. Ọjọ́ mélòó ni yóò lò? Ooru mélòó ló lè fara dà? Ìbéèrè méjì yìí ló ń pààlà sáàárín ẹni tó jèrè àti ẹni tó jẹ gbèsè.

Irúgbìn kò gbé ara wọn rárá. Ẹ wo èyí tí àwọn Faransé ń pè ní Quintal d'Alsace, láti ìlà-oòrùn ilẹ̀ wọn. Orúkọ rẹ̀ gan-an ń fọ́nnu, nítorí ọgọ́rùn-ún kílò ni wọ́n ń pè ní quintal. Orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ó tóbi, òun ni wọ́n sì fẹ́ràn láti rẹ́, kí wọ́n fi iyọ̀ sí i, kó kan. Ṣùgbọ́n ó ń tó oṣù mẹ́rin kó tó gbó. Ní ilẹ̀ tó bí i, ìyẹn kò burú, nítorí òtútù ló ń bá a lẹ́yìn. Bí ẹnìkan bá gbìn ín sétí Odò Ọya ní oṣù kọkànlá, oṣù kẹta ni yóò bá a lórí ebè, ooru yóò sì ti dé kó tó parí iṣẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n ti ń ṣe nílé ibí, èèwọ̀ ibòmíràn ni.

Èyí tó tẹ̀ lé e ni Marché de Copenhague, orúkọ olú-ìlú Dẹ́ńmáàkì. Ó ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àwọn àgbẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sì ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Orí rẹ̀ rí roboto, ó sáábà máa ń wọn kílò kan ààbọ̀ sí méjì, nǹkan bí ọjọ́ 65 sí 75 ló sì ń lò lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tú u láti nọ́sìrì gbìn sórí ebè. Bí wọ́n bá ṣe nọ́sìrì ní oṣù kẹwàá, tí wọ́n tú u gbìn láàárín oṣù kọkànlá, ìparí oṣù kìn-ín-ní ni yóò tó í gé. Ọmọ ìgbà ọyẹ́ gan-an ni.

Ẹ̀kẹta ni KK Cross, tí ilé-iṣẹ́ Takii ti ilẹ̀ Japáànì mú jáde. Àmúlùmálà ni, bàbá rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ ti ìdílé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá, wọ́n sì yàn wọ́n nítorí àtifara da ooru. Nǹkan bí ọgọ́ta ọjọ́ lẹ́yìn títúgbìn, ó ti ṣu, orí rẹ̀ a sì tẹ́ díẹ̀ lókè. Irú rẹ̀ mìíràn ni Oxylus, tí àwọn àgbẹ̀ Gánà mọ̀ dáadáa. Àwọn irúgbìn báyìí ló jẹ́ kó ṣeé ṣe láti gé kábéèjì ní Niamey nígbà tí ọyẹ́ ti lọ, àní nínú òjò pàápàá. Títóbi tí wọn kò tóbi jù kò sì dí ọjà wọn lọ́wọ́. Ìyá tó ń wá ohun tí yóò fi sí ìrẹsì ọmọ rẹ̀ kò wá kábéèjì kílò márùn-ún. Bí orí rẹ̀ bá tóbi jù, gígé ni wọ́n ń gé e sí wẹ́wẹ́ tà, èyí tí wọ́n bá sì ti gé kò ní pẹ́ rọ.

Bó bá wá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí gbogbo èèyàn kò kúkú gbin èyí tó ń fara da ooru? Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Ẹni tó bá gbin ti ọyẹ́ kò ní wàhálà púpọ̀ pẹ̀lú ilẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo aládùúgbò rẹ̀ ló gbin irú rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ọjọ́ kan náà ni wọn yóò gé e, ọjọ́ kan náà ni yóò wọ ọjà Harobanda, owó rẹ̀ yóò sì wálẹ̀. Bó bá ní òun yóò dúró kí ọjà là, kábéèjì tó ti gbó kì í dúró de ẹnikẹ́ni, bí wọ́n bá ń bomi rin ín lọ ṣe ni orí rẹ̀ yóò là sí méjì.

Ẹni tó bá sì gbin ti ìgbà ooru yóò rí owó tó dára lọ́jà, bó bá rí nǹkan gbé dé ibẹ̀. Omi ti jìnnà. Nínú ooru àti ọ̀gbẹlẹ̀ yìí gan-an ni àfòpiná kékeré kan, tí ọmọ rẹ̀ ń jẹ ewé kábéèjì dẹ́gẹdẹ̀gẹ, ń pọ̀ sí i. Kòkòrò yìí ti di ọ̀tá káríayé, nítorí ó ti kọ́ bí yóò ṣe la oògùn já. Láti 1953 ni wọ́n ti rí i ní Jáfà, ní Indonéṣíà, pé DDT kò ràn án mọ́. Àgbẹ̀ tó bá ń da oògùn lé oògùn, owó rẹ̀ ló ń dà sílẹ̀, májèlé ló sì ń kó fún ẹni tí yóò jẹ ẹ́. Èso dongoyárò tí wọ́n gún, tí wọ́n rẹ sómi mọ́jú, tí wọ́n sì fọ́n sí ewé, wà lára ohun tó ṣì ń dín kòkòrò náà kù, igi náà sì pọ̀ káàkiri Niamey. Nígbà òjò ẹ̀wẹ̀, àrùn tí ń mú etí ewé pọ́n wọ inú, tí iṣan rẹ̀ ń dúdú, ń bẹ níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ará Niamey jẹ́ Mùsùlùmí, nítorí náà ìṣirò kan tún wà, ti Ààwẹ̀. Oṣù Ààwẹ̀ ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá sún síwájú lọ́dọọdún. Ní 2024, oṣù kẹta ló bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ọyẹ́ ti ń palẹ̀ mọ́. Ní 2030, yóò ti bọ́ sí oṣù kìn-ín-ní. Ẹni tó bá fẹ́ kí kábéèjì òun bá oúnjẹ ìṣínu pàdé gbọ́dọ̀ ka ọjọ́ padà sẹ́yìn láti ìgbà tí oṣù yóò lé, kó tó mọ èyí tí yóò rà nínú agolo irúgbìn. Irúgbìn tó pé lọ́dún kan lè má pé lọ́dún mẹ́ta sí i.

Ohun tó wá dun àgbẹ̀ jù ni pé kò lè mú irúgbìn náà jáde fúnra rẹ̀. Ọdún kejì ni kábéèjì ń yọ òdòdó, àfi bí òtútù bá sì mú un fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ní ìwọ̀n tí kò ju nǹkan bí 10 lọ. Ọyẹ́ Niamey kò tutù tó bẹ́ẹ̀. Àmúlùmálà ní tirẹ̀, bó tilẹ̀ so, ọmọ rẹ̀ kì í jọ ọ́. Ẹ fi wé àlùbọ́sà pupa Galmi, tó ń jẹ́ orúkọ ìlú kan ní gúúsù Nìjẹ̀r, tí wọ́n ń kó dé Àkráà àti Àbíjàn. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ló ń yan irúgbìn tirẹ̀, tí wọ́n ń fi pamọ́, tí wọ́n sì ń tà á fún ara wọn. Àlùbọ́sà ti di ọmọ ilé. Kábéèjì ṣì jẹ́ àlejò tí ń fi ìwé ìrìnnà wọlé lọ́dọọdún.

Ìwé ìrìnnà ọ̀hún lè dí. Ní ọjọ́ 26, oṣù keje, ọdún 2023, àwọn ológun gbàjọba ní Niamey. Ní ọjọ́ 30, àjọ ECOWAS fòfin de orílẹ̀-èdè náà, Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀ ti ẹnubodè wọn, ẹrù òkè-òkun tó máa ń gba èbúté Kútọnu wọ Nìjẹ̀r sì dúró. Ọjọ́ 24, oṣù kejì, ọdún 2024 ni ECOWAS kéde pé òun mú òfin náà kúrò. Kí òǹkàwé ka oṣù wọ̀nyẹn lórí ìka: láti ìgbà nọ́sìrì dé ìgbà gígé, odindi àsìkò kábéèjì kan ló wà láàárín wọn.

Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún ẹni tó ní àkùrọ̀ ní Òkè-Ògùn tàbí létí Odò Ògùn, tó sì ti gbà pé Jọ́ọ̀sì nìkan ni kábéèjì ti lè hù. Niamey gbóná ju ilẹ̀ Yorùbá lọ, síbẹ̀ kábéèjì ń ṣu níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ra irúgbìn nítorí àwòrán tó wà lára agolo. Kó wo iye ọjọ́ rẹ̀, kó wo bóyá ó ń fara da ooru, kó gbin ìwọ̀nba lákọ̀ọ́kọ́ nígbà ọyẹ́, kó sì kọ ọjọ́ tó gbìn ín àti ọjọ́ tó gé e sílẹ̀. Àgbẹ̀ etí Odò Ọya kò lè pàṣẹ fún ọyẹ́, kò sì lè dá omi dúdú dúró. Ohun kan ṣoṣo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni hóró tín-ń-tín tó fẹ́ gbìn, ọjọ́ tó bá yàn án ló ti yan ọjọ́ ọjà rẹ̀.