Àmì Tó Ń Bá Fọ́tò Jìyà

Ẹni tó bá ń fura sí ₦1,000 lọ́jà Ìtòkú á gbé e sójú oòrùn, á wá àwòrán tó fara pamọ́ sínú ìwé owó náà. A lè fi irú àmì bẹ́ẹ̀ pamọ́ sínú fọ́tò orí kọ̀ǹpútà náà. Digital watermark ni wọ́n ń pè é, ojú lásán ò sì lè rí i. Ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ọ́n sí ohun tí wọ́n fi ń mú ẹni tó jí fọ́tò. Àmọ́ iṣẹ́ ẹ̀ kan wà tó wù mí jùyẹn lọ: ó lè jẹ́rìí ìyà tó ti jẹ fọ́tò.

JPEG, tó ti wà látọdún 1992, máa ń pín fọ́tò sí wẹ́wẹ́, pixel 8 lọ́nà 8, á wá yọ àwọn nǹkan wínníwínní tójú ò tètè rí dànù, kí fáìlì lè fúyẹ́. Bí wọ́n bá tún un fún pọ̀, òmíràn lè tún lọ. Báwo la ṣe máa wá mọ èyí tó lọ nígbà tí ojúlówó ò sí lọ́wọ́ mọ́? Àmì yẹn la máa bi. A ti mọ bó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Bó bá ṣe bàjẹ́ tó la fi máa díwọ̀n bí fọ́tò tó gbé e ṣe bàjẹ́ tó. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé kó má le jù, kó má sì rọ̀ jù: èyí tó le jù ò ní mọ ìyà lára, èyí tó rọ̀ jù á kú lójú ẹsẹ̀.

Aládìrẹ ni ìyá àgbà mi. Fọ́tò wọn kan ṣoṣo tó kù ti gba orí fóònù mọ̀lẹ́bí púpọ̀ kọjá, fóònù tí wọ́n fi yà á sì ti sọnù. Kò sí àmì ìkọ̀kọ̀ nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìró tí wọ́n ró lọ́jọ́ yẹn ṣì wà nínú àpótí: adìrẹ ẹlẹ́kọ, tí wọ́n fi ìyẹ́ adìẹ ya láfún sí lára. Mo tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò. Àwọn ìlà gbọọrọ ṣì hàn. Àwọn àmì wínníwínní ti di aró lásán. Ibẹ̀ ló ti yé mi pé ojú tó ń dán nínú fọ́tò yẹn kì í ṣe ojú ìyá àgbà.

Aṣọ ò lè dá ojú wọn padà o. Ẹlẹ́rìí ni, kì í ṣe oníṣègùn. Àmọ́ àwọn àbúrò mi tí ò bá wọn láyé máa ń jiyàn pé ìyá àgbà ò kọlà. Mo ti ní èsì báyìí: wọ́n kọlà, ó tínrín ni. Fọ́tò ló gbàgbé.